Ìjókòó Méje

Orúkọ rẹ̀ ni Bùsàrí Ògúnsànyà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé Ejinrin tí ẹ ní Bùsàrí lẹ ń wá, wọ́n á kọ́kọ́ wò yín láti òkè délẹ̀, nítorí wọn kì í pe àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Baba Ṣẹ̀rífátù ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọkọ̀ ojú omi ló ń wà. Láti ìgbà tó ti ń fi àjẹ̀ wà á títí tó fi ra ẹ́ńjìnnì, àárín Ejinrin sí Ipakodo tiwa níbí ní Ìkòròdú ló ti lo nǹkan bí ogójì ọdún. Kò lọ sílé ìwé. Kò fẹ́ràn ariwo. Ó máa ń dá àpárá tí ẹnikẹ́ni kì í rẹ́rìn-ín sí, òun nìkan á sì rẹ́rìn-ín rẹ̀ títí omi á fi jáde lójú rẹ̀. Èmi Hàbíbàt tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo ba ayé ọkùnrin náà jẹ́. Ẹ má tíì dá mi lóhùn. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ tán ná.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí. Àwa ará òkè, odò tí a mọ̀ kò ju èyí tí a lè ká ṣòkòtò sókè là kọjá lọ. Mo gba yàrá kan ní Sábó ní Ìkòròdú, mo gbé ìwé ẹ̀rí mi sínú ọ̀rá, mo sì wá iṣẹ́ kiri fún ọdún méjì gbáko. Ìgbà tó di ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ kan tó ń bá ìjọba ṣe ètò ìrìnnà pe àwa mọ́kànlá síṣẹ́ oṣù mẹ́ta. Mo jó nínú yàrá lọ́jọ́ náà débi pé onílé ń gbá ògiri mọ́ mi.

Iṣẹ́ náà dùn létí. Wọ́n ní èéfín ọkọ̀ ti pọ̀ jù l'Ékòó, pé òun ló ń mú ayé gbóná, tí omi òkun fi ń kún bọ̀ wá bá èèyàn nílé. Wọ́n fẹ́ ṣe ètò ogún ọdún tí yóò máa dín èéfín náà kù díẹ̀díẹ̀: kí èrò kúrò lójú títì, kí wọ́n bọ́ sínú ọkọ̀ ojú omi ńlá tó lè gbé igba èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, kí epo tí à ń jó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè kéré. Kábọ̀n ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú èéfín náà nínú ìwé wọn. Èmi, tí mo bá ti dé èbúté, èéfín ni mo ń wí, kí wọ́n má baà rò pé kábọ́ọ̀dù ni mo wá tà.

Kí wọ́n tó lè ṣe ètò, wọ́n ní láti mọ iye èrò tó ń wọkọ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan lójúmọ́. Iṣẹ́ tiwa nìyẹn. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Festus, là á fún wa kedere. Èbúté tí èrò rẹ̀ bá pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lójúmọ́ yóò wọ inú ètò: wọ́n á ṣe afárá ìwọkọ̀ oníkọnkéré síbẹ̀, wọ́n á tan iná sí i, ọkọ̀ ńlá á máa dúró níbẹ̀, wọ́n á sì gba àwọn awakọ̀ ibẹ̀ síṣẹ́. Èyí tí kò bá pé, bó ṣe ẹyọ kan ló dín, wọ́n á fa ìlà pa á. Ojú títì ni kí àwọn ará ibẹ̀ gbà lọ sí èbúté mìíràn. Ó ní, "Kí ẹ fi ojú ara yín rí i o. Mi ò fẹ́ wọ́n-ní wọ́n-ní." Gbogbo wa ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ejinrin bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù kẹfà. Òjò! Ẹ̀yin èèyàn mi, òjò ọjọ́ mẹ́ta náà kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni kúrò nílé. Etí omi kò ní òrùlé kankan. Kì í ṣe ọjọ́ ọjà, àwọn ìsọ̀ tó wà lókè ṣófo, mo bá wọ ọ̀kan, mo jókòó, mo gbé fọ́ọ̀mù lé orúnkún. Láti ibẹ̀, ẹ ò lè rí ọkọ̀, orí òkè ni. Baba Ṣẹ̀rífátù ló gòkè wá kí mi. Ó bá mi tan ẹyín iná sínú àwo kan kí n lè yáná. Mo ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un, inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Ó ní òun ti gbọ́ pé ìjọba fẹ́ ṣe afárá, òun ò mọ̀ pé obìnrin ni wọ́n máa rán wá. Ó rẹ́rìn-ín títí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá mi sọ fún àwọn awakọ̀ yòókù: bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti fẹ́ ṣí, kí wọ́n pariwo iye èrò sókè sí mi.

Bó ṣe rí nìyẹn. Màá gbọ́ ohùn láti ìsàlẹ̀, nínú òjò: "Ìjókòó méje, ó kún o!" Màá kọ ọ́ sílẹ̀: eéje. Òmíràn á tún ṣí: "Ìjókòó méje!" Eéje. Níbi tí èmi ti wá, ìjókòó kan, èèyàn kan. Bó ṣe rí nínú bọ́ọ̀sì nìyẹn, bó ṣe rí ní ilé ìwé nìyẹn. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn láti béèrè. Ọkọ̀ méjìdínlógún ló ń ṣí lójúmọ́, mo ṣe ìṣirò mi, mo rí èèyàn mẹ́rìndínláàádóje. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù, wọ́n kọ ọ́ pé: Mo fi ojú ara mi rí i. Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀lẹ ni mí lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ n pè é lórúkọ rẹ̀. Mo sá fún òjò lásán, òjò tí kì í pa èèyàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo padà lọ kí Baba Ṣẹ̀rífátù lè tẹ ìka sí fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí aṣojú àwọn awakọ̀. Òun ni mo bá padà sí Ipakodo. Oòrùn ràn, omi dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ọkọ̀ wọn nìyẹn, ojú títì ni mo máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Pákó ni wọ́n tẹ́ ní ìbú ọkọ̀, méje, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo jókòó, ẹnì kan jókòó tì mí, òmíràn tún dé. Mo rò pé ó tó. Baba pariwo láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì pé, "Ẹ sún mọ́ra o! Ìjókòó yín ò tíì kún!" Obìnrin kan tó ru agbọ̀n ẹja yíyan bá tún fi ìdí ti ara rẹ̀ wọlé, a di mẹ́rin.

Mo nàka, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà wọ́n láti iwájú: oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Kí n tó dé ẹẹ́fà, obìnrin ẹlẹ́ja náà gbá ọwọ́ mi sílẹ̀.

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Ta ni ìyá ẹ?"

Gbogbo ọkọ̀ ń wò mí bí olè. Baba Ṣẹ̀rífátù dín iná ẹ́ńjìnnì kù, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, àlejò ni mí, mi ò mọ̀. Ó wá bá mi sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Hàbíbàt, wọ́n ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Lórí ilẹ̀ nìyẹn o. Lójú omi, ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mi ò ka èèwọ̀ yìí sí, mo kà wọ́n sókè. Mo ní mẹ́tàlá ni wá. Méjìlá la bá dé èbúté. Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi ni kò dé, Mùsílíù. Láti ọjọ́ náà, ìjókòó là ń kà, ẹni mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, a kì í ka orí."

Mo ní, "Bàbá, gbogbo yín ni?"

"Gbogbo wa, láti ibí dé Ẹ̀pẹ́. Ta ni kò mọ̀?"

Èmi ni mi ò mọ̀. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Mo fi ẹẹ́rin sọ mẹ́rìndínláàádóje di púpọ̀ nínú orí mi, ó fún mi ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé mẹ́rin. Ẹ gbọ́ o, ó lé mẹ́rin. Ejinrin wọlé. Wọ́n wọlé dáadáa, èmi ni mo ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn níta. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú báàgì lórí ẹsẹ̀ mi, ìka Baba Ṣẹ̀rífátù, tó fi tàdáwà bulúù tẹ̀ ẹ́, kò tíì gbẹ tán.

Ẹ ò ní gbàgbọ́ pé mo ṣì láǹfààní láti tún un ṣe. Mo ní in. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ síwájú Ọ̀gbẹ́ni Festus. Ó ń to ìwé jọ, kò wojú mi. Ó ní, "Hàbíbàt, kò sí àtúnṣe kankan?" Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n lé Mọ̀nsúrát, ọ̀kan nínú wa, nítorí pé ilé ló jókòó sí tó ń ka ọkọ̀ Èbúté Ìkòròdú. Wọ́n sì ti ń sọ ọ́ pé àwọn máa mú ẹni mẹ́ta nínú wa síṣẹ́ pátápátá. Bí mo bá ní ìjókòó kì í ṣe èèyàn kan, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo wà tí mi ò rí èèyàn mẹ́rin lórí pákó kan. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé mo ń yáná nínú ìsọ̀?

Mo ní, "Kò sí, sà."

Ó gba ìwé náà, ó fi sáàárín àwọn yòókù. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì tún dùn díẹ̀ pé ó ti kọjá. Mo ń sọ gbogbo rẹ̀ fún yín, mi ò fi nǹkan kan pa mọ́.

Wọ́n fi oṣù díẹ̀ kún iṣẹ́ wa. Nínú oṣù kọkànlá, wọ́n pe àwọn ará èbúté gbogbo sí gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀pẹ́ láti fi ètò náà hàn wọ́n. Wọ́n ya àwòrán ọ̀sà náà gbàǹgbà sára ògiri, wọ́n sì fi àmì pupa sí gbogbo èbúté tó wọlé. Baba Ṣẹ̀rífátù wọ agbádá tó fi ń lọ kírun Jímọ́ọ̀, òun àti awakọ̀ mẹ́rin. Ó rí mi, ó gbọ́wọ́ sókè kí mi láti ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí fojú wá Ejinrin lára ògiri. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n ó mọ bí omi ṣe yí. Mo rí i bó ṣe ń fi ìka tọ etí omi náà lọ lójú afẹ́fẹ́, tó dé ibi tó yẹ kí àmì wà, tí kò sí nǹkan kan.

Ó dìde. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, àwa ńkọ́?"

Ẹnjiníà tó wà níwájú ṣí ìwé. Ó ní Ejinrin kò pé, èèyàn mẹ́rìndínláàádóje péré ni wọ́n rí. Baba ní irọ́ ni, kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnjiníà ní ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wọn pé eéje, eéje. Baba bú sẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. "Ọmọ mi, ìjókòó méje là ń wí! Ìjókòó kì í ṣe èèyàn kan!" Àwọn ará èbúté yòókù ń kùn pé òótọ́ ni. Ó wá nàka sí mi. "Ẹ bi Hàbíbàt léèrè. Ó ti wọ ọkọ̀ mi, ó jókòó sórí pákó. Ẹnu ọlọ́rọ̀ la ti ń gbọ́ pọ́ńbélé."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi. Ọ̀gbẹ́ni Festus náà yíjú sí mi, kò rẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni" jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré, ọmọ ọdún méjì lè pè é. Mo dìde. Mo ní, "Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo kọ sílẹ̀, sà. A ó tún un wò."

Ẹnjiníà kọ nǹkan sínú ìwé, ó bọ́ sórí èbúté tó kàn. Títí di òní, kò sẹ́ni tó tún nǹkan kan wò.

Ṣùgbọ́n Baba Ṣẹ̀rífátù kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. "A ó tún un wò" tí mo wí, ìlérí ló gbọ́. Níta, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní òun mọ̀ pé mi ò ní dójú ti àwọn. Ojú rẹ̀ mọ́ débi pé mi ò lè wò ó. Mo bá tún ṣẹ́ irọ́ lé irọ́: mo ní èmi fúnra mi máa kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà tó ṣe ètò náà. Ó gba nọ́ńbà fóònù mi. Mo kọ lẹ́tà náà lóòótọ́, mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Abẹ́ aṣọ nínú àpótí mi ló wà.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Ẹ kú oríire, àbí? Mo ní tábìlì, mo ní fáànù. Oṣooṣù ni Baba Ṣẹ̀rífátù ń lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ní fóònù ní Ejinrin láti pè mí. "Hàbíbàt, ṣé wọ́n ti dáhùn lẹ́tà wa?" Lẹ́tà wa, ẹ gbọ́ o. Màá ní, "Wọ́n ṣì ń wò ó, Bàbá. Ẹ ní sùúrù." Á ní òun ní sùúrù. Á bi mí nípa ìyá mi ní Ìsẹ́yìn, á ṣàdúrà fún mi, á sì pa fóònù.

Ọdún 2008, ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Ẹ̀pẹ́. Ó dára, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ́ tónítóní, ó sì yá. Ṣùgbọ́n kò dúró ní Ejinrin. Àwọn èrò Ejinrin bẹ̀rẹ̀ sí gun ọ̀kadà lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́. Ọ̀kadà tó ń na ọ̀nà yẹn tẹ́lẹ̀ kò ju mélòó kan lọ, kí ọdún náà tó parí, wọ́n kún ojú ọ̀nà, wọ́n ń rú èéfín tùù. Àwọn awakọ̀ ojú omi fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Baba Ṣẹ̀rífátù ló dúró pẹ́ jù. Nígbà míì, èèyàn méjì péré ló máa gbé lọ sí Ipakodo, á ní kò burú, ìjókòó kan kò kún, ẹni tó bá jókòó á gbádùn. Nígbà tó yá, ó wọ́ ọkọ̀ náà sórí ilẹ̀, ó ta ẹ́ńjìnnì. Ó pè mí lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo ti di ọlọ́kadà o, Hàbíbàt! Àgbàlagbà ọlọ́kadà!" Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù tán, mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọ́fíìsì, mo sunkún.

Ètò náà di ìwé tó nípọn. Ọ̀kan wà lórí tábìlì mi. Wọ́n kọ iye èéfín tí yóò dín kù títí ogún ọdún síbẹ̀, lọ́dọọdún. Èéfín ọ̀kadà Ejinrin kò sí níbẹ̀. Níbo ni ì bá wà, nígbà tí èmi tí wọ́n rán lọ ti sọ pé kò sí èrò níbẹ̀? Ọkùnrin tó ń gbé èèyàn méjìdínlọ́gbọ̀n lórí omi pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì kan wá ń gbé ẹnì kan ṣoṣo lórí títì. Ètò tó ní òun fẹ́ pa èéfín ló sọ ọ́ di eléèéfín. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá sọ sí mi lọ́kàn ní ọ́fíìsì, inú á bí mi débi pé màá máa fi pẹ́ńsùlù gún tábìlì. Ta ni mo ń bínú sí? Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tíì rìn tó ọdún mẹ́ta nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le koko.

Oṣù kẹjọ ọdún 2009, Ṣẹ̀rífátù ọmọ rẹ̀ ló pè mí. Típà tó ru yanrìn gbá bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Èrò tó gbé sẹ́yìn kú lójú ẹsẹ̀, obìnrin tó ń lọ sọ́jà. Wọ́n ti gbé Baba wá sí ilé ìwòsàn kan ní Ìkòròdú. Mo ra ọsàn, mo lọ. Mo ti múra sílẹ̀ lọ́nà pé lónìí ni màá sọ ọ́, bó fẹ́ nà mí, kó nà mí, bó fẹ́ ṣépè, kó ṣépè.

Wọ́n ti gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Ara rẹ̀ ti gbẹ, mi ò mọ̀ pé ó kéré tó bẹ́ẹ̀. Bó ṣe rí mi ni ojú rẹ̀ tàn. Ó ní kí Ṣẹ̀rífátù gbé àga fún mi, ó wá ń sọ fún àwọn aláìsàn tó kù lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, "Ẹ wò ó, ọmọ tí mo ń sọ fún yín nìyí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, kì í ṣe ọmọ wa rárá. Òun nìkan ló bá wa jà níwájú àwọn ìjọba. Ó kọ lẹ́tà títí. Wọn ò gbọ́ tirẹ̀ ni."

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọ̀rọ̀ kan."

Ó ní, "Má sunkún. Kì í ṣe ẹjọ́ rẹ. Kúnlẹ̀ jàre, jẹ́ n ṣàdúrà fún ọ."

Mo kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà fúyẹ́. Ṣẹ̀rífátù tẹrí ba. Ọkùnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì bọ́ fìlà.

Ó ní, "Hàbíbàt, bí o ṣe ṣe fún èmi àti àwọn ará Ejinrin, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Ọlọ́run Ọba á ṣe fún ìwọ àti àwọn ọmọ tí o máa bí. Kò ní dín, kò ní kù."

Gbogbo yàrá ní àmín. Wọ́n ń dúró de tèmi.

Mo ní àmín.